Ẹyọ Ohùn Kan Tí Mo Gbé Mì Lọ́nà Ilé-Ogbó

Láti Ìwó, lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ igi ìyeyè tí o máa ń gùn ní kékeré.

Àkànní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé! Ó dé lọ́jọ́ Alàmísì. Jìmọ́ aránṣọ kà á fún mi, mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀wù Lèmọ́mù ń bẹ nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán o." Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé ojoojúmọ́ ni ọmọ ẹni ń di ògbufọ̀ ní kóòtù ajẹ́lẹ̀ ni? Lèmọ́mù á ṣì rí ẹ̀wù wọ̀.

Jìmọ́ yìí náà ló ń bá mi kọ èsì. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Bí o bá rí ibi tí tàdáwà ti dà sílẹ̀, inú ló ń bí i, torí mo ti ní kó pa ìlà mẹ́ta rẹ́, kó tún wọn kọ. Ó ń fo ohun tí mo sọ, n kò sì ní gbà. Tí o bá kà á dé ìparí, wàá mọ ìdí rẹ̀.

Àkànní, orí mi wú! Ìwọ tí o máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn àpò obì mi tí àlejò bá wọlé, ìwọ ni yóò máa dúró láàárín òyìnbó àti àwọn èèyàn wa ní Ọ̀ṣogbo, tí ẹni yìí kò ní gbọ́ ẹni yẹn àfi tí ìwọ bá la ẹnu! Mo ti sọ fún gbogbo ìdí rélùwéè. Àwọn tí kò rajà lọ́wọ́ mi náà ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yìí nìkan ló ń jẹ́ kí n máa fò bí ọmọ ewúrẹ́. Ìtàn ará Jàpáànì tí o fi kún un ni! O ní nígbà tí o ṣì wà ní ọ́fíìsì ẹrù létí omi l'Ékòó, ọkùnrin Jàpáànì kan tó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ wá tà jókòó ti ìwọ àti òyìnbó ọ̀gá rẹ. Òjò ń rọ̀, kò síṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ ní kí ẹnì kan pe ọ̀rọ̀, kí kálukú pàtẹ́wọ́ kan fún ẹyọ ohùn kọ̀ọ̀kan tí etí rẹ̀ bá gbọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ pe orúkọ olú-ìlú wọn, ó pàtẹ́wọ́ méjì, ó parí. Ará Jàpáànì ní tòun kì í ṣe méjì. Ó pa mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń pè é nílùú tiwọn: Ro, n, do, n. Ìwọ náà pa mẹ́rin: Lọ́, ń, dọ̀, nù. Òyìnbó ní ẹ̀yin méjèèjì ti yawèrè.

O wá ní kí wọ́n gbọ́ tiwa wò. O ní gógóńgó. Òyìnbó pa mẹ́ta: gó, góń, gó. Àmọ́ ará Jàpáànì, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ó dijú, ó tẹ́tí, ó pa mẹ́rin! Gó, gó, ń, gó!

Háà! Nígbà tí Jìmọ́ ka ibẹ̀, mo dìde lórí àpótí. Mo ní, "Ó gbọ́ ń! Jìmọ́, ó gbọ́ ń!" Jìmọ́ ní, "Ìyá, ta ni ń?" Ẹ gbà mí o. Láti ọjọ́ yẹn n kò jẹ́ kí ilé sinmi. Mo kó obì sórí àtẹ, mo ń pe ọ̀rọ̀, mo ń to obì. Ọ̀, ǹ, gbẹ: obì mẹ́ta. O, ò, rùn: mẹ́ta. A, lá, à, fin: mẹ́rin. Gà, m̀, bà, rí: mẹ́rin. Gàm̀bàrí kan tó fẹ́ rajà dúró títí, ó ní ṣé obì yìí wà fún títà ni àbí ilé-kéwú ni mo dá sílẹ̀. Mo fún un ní ẹyọ kan kó lè dákẹ́.

Èyí tí o sọ pé tí èèyàn kò bá fa ohùn dáadáa ní èdè Jàpáànì, yóò pe ìyá àgbà ní àǹtí, ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi tí mo fi di ikùn mú. Wàhálà ń bẹ níbi gbogbo nìyẹn.

Ó dára. Ẹ̀rín tó. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, n kò sì ní kọ irú lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì, torí náà fi ara balẹ̀ kà á.

Èkíní. Má fi etí ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ obì títà, Gàm̀bàrí kan wà tó máa ń ra obì lọ́wọ́ mi láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ igba obì, àmọ́ ohùn rẹ̀ gbé sókè ní ìdí, ó dún bí igbá. Mo mọ ohun tó fẹ́ o! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, mo bá gbé igbá òfìfo lé e lọ́wọ́. Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn gbé igbá náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó lọ, kò padà mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé "sannu" tí mo fi ń kí i láràárọ̀, "sanu" ni mo ń pè é. Ọ̀kan ń jábọ́ lẹ́nu mi láàárín. Odindi ọdún méjì ni ọkùnrin yẹn fi gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín.

Torí náà, bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá dúró níwájú rẹ tàbí ará Èkìtì, tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìwó, pa ẹ̀rín rẹ mọ́. Etí tí ìyá kálukú fún un ló ń lò. Òyìnbó tó pa méjì náà kò ya dìndìnrìn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́ ọ.

Èkejì. Jẹun kí o tó lọ sí kóòtù. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mo ń wí, ìwọ náà yóò mọ̀ láìpẹ́.

Ọmọ mi, ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Jìmọ́, kọ ọ́ dáadáa.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni tí à ń gbé relé ọkọ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí o ń pè ní Ìyá Olúpọ̀nnà, kò tí ì dé Olúpọ̀nnà. Ilé-Ogbó ni ilé ọkọ wọn àkọ́kọ́ wà. Bàbá wa ní kí n ru iṣu lọ fún wọn. Mo bá wọn nídìí ààrò. Wọn kò sunkún. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Sọ fún Bàbá pé ọkọ mi ń lù mí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò ráyè tún un wí, torí ìyá ọkọ wọn yọ sí wa.

Kà á lórí ìka rẹ. Ọ, kọ, mi, ń, lù, mí. Mẹ́fà.

Mo ń wí i lẹ́nu lọ lọ́nà. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni Ìyá wa fẹ́ se ọ̀lẹ̀lẹ̀, ìwọ sì mọ̀ mí pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀ títí di òní. Mo mọ̀ pé bí mo bá pẹ́, àwọn àbúrò mi kò ní ṣẹ́ ewé kan kù fún mi. Mo sáré. Mo sáré láti odò títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Mo kúnlẹ̀ gbì níwájú Bàbá, mo ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún yín pé ọkọ àwọn lu àwọn."

Ṣé o rí i? N kò purọ́. Mo tilẹ̀ ń ṣe ọmọ tó gbẹ̀kọ́: mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ "mi" di "àwọn". Imú la sì fi ń parí "àwọn". Imú náà la fi ń pe "ń". Lẹ́nu ẹni tó ń sáré, èkejì á wọnú èkíní, yóò sì dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́jọ: ọ, kọ, à, wọn, ń, lu, à, wọn. Méje ni mo rù délé.

Bàbá wa gbójú sókè. Wọ́n ní, "Kí ló wí gan-an? Ó lù ú?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ó ti ṣe é rí?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Bàbá." Ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná ni ojú mi wà.

Bàbá wa kì í ṣe ìkà èèyàn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni inú kì í bí? Padà lọ lọ́la, kí o sọ fún un pé kó ní sùúrù." Mo lọ ní ọjọ́ kejì, mo jẹ́ ìyẹn pé pérépéré. Kò sí ẹyọ kan tó jábọ́ nínú rẹ̀.

Ó lù ú, ó ti ṣe é, ó ti tán nìyẹn. Ó ń lù ú, kò tí ì tán. Àárín méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n mi gbé fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ọkùnrin náà gbá wọn létí òsì, ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló lọ gbé wọn wálé, wọn kò sì jẹ́ kó fojú kàn wọ́n mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n etí òsì yẹn kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o fi ń yí sí ọwọ́ ọ̀tún wọn láti kékeré kí o tó kí wọn. A sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ìgbóná ló mú etí náà. Irọ́ ni, Àkànní. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ó sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Jìmọ́ náà ti dẹ́kun ìkánjú, ó ń wò mí.

Èkẹta nìyí, òun ló sì tóbi jù. Bí ẹni tó ń jẹ́jọ́ bá ní "mi", ìwọ náà ní "mi". Má sọ ọ́ di "àwọn", má sọ ọ́ di "òun", má bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n á ní ọmọ Ìwó yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Jẹ́ kí wọ́n wí. Lẹ́yìn tí kóòtù bá tú, kí o dọ̀bálẹ̀ kí wọn títí àyà rẹ yóò fi bó.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi jẹ́ tọmọ. Òwe yẹn dára, mo fi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní kóòtù, jọ̀ọ́, bọ́ ọ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rẹ. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, tẹrú ni kí o jẹ́. Bí obìnrin kan bá bú ajẹ́lẹ̀, bú u fún un!

Èkẹrin, àbí èkarùn-ún ni? Jìmọ́ ní èkẹrin. Béèrè. Bàbá wa béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Bí mo bá ti ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n padà lọ bi wọ́n," kí ni ì bá gbà mí? Ọ̀lẹ̀lẹ̀. Nítorí náà, bí o kò bá gbọ́ tán, sọ pé o kò gbọ́ tán. Jẹ́ kí òyìnbó kanra. Jẹ́ kó wo aago rẹ̀. Sọ fún obìnrin náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí," kí o sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un kó tó wọnú ìwé. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Bi àwọn tó mọ èdè òyìnbó jù ọ́ lọ bí wọ́n ṣe ń ya "ó lù ú" sọ́tọ̀ kúrò lára "ó ń lù ú". Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n dájú, kọ́ ọ lónìí kí o tó sùn. Ẹjọ́ tọkọtaya ló pọ̀ jù ní kóòtù yẹn, gbogbo ayé mọ̀.

Àkùkọ tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé wá kí ọ nílé kí ẹjọ́ rẹ̀ tó pé, dá a padà pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀. N kò ní àṣìṣe tèmi tí mo lè fi ti ìyẹn lẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tó gbé àkùkọ wá fún mi rí.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ohun tí ará Jàpáànì rẹ ṣe fún mi.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ní àwáwí kan. Mo máa ń sọ fún ọkàn mi pé, kí ni "ń"? Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kò tó nǹkan. Èémí imú lásán ni, ta ló lè mú ọmọdé sí i? Mo fi ń tu ara mi nínú títí mo fi hu ewú. Àfi bí Jìmọ́ ṣe ka lẹ́tà rẹ pé ọkùnrin kan láti òkè òkun, tí kò mọ̀ wá rí, gbé odindi àtẹ́wọ́ kan kalẹ̀ fún un. Inú mi dùn, mo fò sókè. Lẹ́yìn náà mo jókòó. Bí àlejò bá gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí odindi, àwáwí mi ti tán.

Ohun kan sì wà tó burú ju etí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dárúkọ Bàbá wa nínú àdúrà. Wọ́n á ṣàdúrà fún Ìyá, wọ́n á ṣe fún ọkọ wọn ti Olúpọ̀nnà tó kú, wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Èmi nìkan ni mo mọ̀dí rẹ̀. Wọ́n rò pé Bàbá gbọ́ "ń", tó sì ní kí wọ́n ní sùúrù.

Mo lọ bá wọn lánàá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Mo kó obì mẹ́jọ sílẹ̀, mo kà á fún wọn, mo wá mú ọ̀kan kúrò. Mo ní, "Méje ni mo gbé fún Bàbá. Èmi ni mo gbé ìkẹjọ mì."

Wọ́n ní, "Bàbá kò gbọ́?"

Mo ní, "Wọn kò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbọ́."

Wọ́n ní, "Kí ló sáré lé ọ?"

Mo ní, "Ọ̀lẹ̀lẹ̀."

Àkànní, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ gbá mi lórí, ó dún gbàgà. Wọ́n tún gbá mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní alájẹkì. Wọ́n wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì dárúkọ Bàbá wa, orúkọ wọn gan-an, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bí ara mi ṣe fúyẹ́ tó, bí ẹni sọ àpò obì kalẹ̀ ni. Ìwọ lo fà á, ìwọ àti oníìlẹ̀kẹ̀ rẹ. Bí o bá tún rí i, bá mi kí i dáadáa, kí o sì fún un ní obì.

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbí bí a ṣe ń kọ ọ́, wọ́n yí etí ọ̀tún sí wa. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n bá wọn sọ fún ọ. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé bí obìnrin kan bá dúró níwájú rẹ̀ tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, kó kọ́kọ́ sọ fún un pé, mo ń gbọ́."

Jìmọ́ kọ ọ́, ó kà á sókè: "Mo gbọ́." Mo gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí n kò mọ̀wé, mo ní kó fi ibẹ̀ hàn mí. Ìlà wíwọ́ tí o rí láàárín "mo" àti "gbọ́" yẹn, ọwọ́ mi ni. Òun ni "ń".

Mo, ń, gbọ́. Mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi rán sí ọ. Kí mẹ́ta ó dé.

Èmi ni,
ìyá rẹ, oníṣòwò obì.